Ìwọ̀n Ìmọ́lẹ̀: Láti Orí Fìtílà Ọjà Ọba Dé Ojú Fóònù

Nígbà tí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni ogun, ọba àti ìjòyè. Ìtàn ogun Kírìjì ni wọ́n ń kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́, àti ìtàn àwọn tí ó jà fún òmìnira Nàìjíríà títí a fi gbà á ní ọdún 1960. Èmi kò fojú kéré wọn. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kéékèèké tí ọwọ́ wa ń ṣe lójoojúmọ́ náà ní ìtàn. Ọ̀kan nínú wọn ni bí a ṣe ń fi kún ìmọ́lẹ̀ àti bí a ṣe ń dín in kù.

Lónìí, ojú fóònù ń ṣe é fúnra rẹ̀. Bí a bá jáde sínú oòrùn, á mọ́lẹ̀ sí i. Bí a bá wọ yàrá tí ó ṣókùnkùn, á rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé idán òyìnbó ni. Èrò tèmi nínú aròkọ yìí ni pé iṣẹ́ àtijọ́ ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Àwọn ọmọ ilé ni ó ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn ọmọ ilé àti ẹ̀rọ sì gbà mọ̀ ọ́n: ẹni tí ó ń lo ìmọ́lẹ̀ ni ó ń tọ́ wọn sọ́nà. Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe ojú ìtàn náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi mọ̀ jù.

Ọjà Ọba wà ní àárín gbùngbùn ìlú, nítòsí ààfin Déjì ti Àkúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, pé itòsí ààfin ni ọjà ọba máa ń wà. Orúkọ Ọba Adésidà ni a fi ń pe ọ̀nà ńlá tí ó gba àárín ìlú kọjá. Ọba Afúnbíowó Adésidà Kìíní ni Déjì láti ọdún 1897 títí di ọdún 1957. Ọgọ́ta ọdún gbáko ni ó lò lórí oyè, a sì lè fi ìgbà ọba kan ṣoṣo yìí wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe yí padà nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1896, ọdún kan ṣáájú kí ó tó gorí ìtẹ́, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ pèsè iná mọ̀nàmọ́ná ní Èkó. Ṣùgbọ́n Èkó jìnnà. Ní ìlú bíi Àkúrẹ́, epo pupa àti àdín ni wọ́n ṣì ń dà sínú fìtílà. Kí ọba náà tó wàjà, epo kẹrosíìnì ti di ọjà tí ọmọdé àti àgbà mọ̀.

Fìtílà àtijọ́ kò ní ìdijú kankan. Àwo amọ̀ kékeré ni. A ó da epo sí i, a ó lọ́ òwú, a ó kì í sínú epo, a ó sì jẹ́ kí ẹnu òwú náà yọ síta díẹ̀. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fọwọ́ kan òwú náà. Bí ó bá fà á jáde sí i, iná á tóbi, epo á sì tètè tán. Bí ó bá fà á wọlé, iná á kéré, epo á sì pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún obìnrin tí ó jókòó ti igbá rẹ̀ ní ọjà alẹ́. Bí iná rẹ̀ bá kéré jù, oníbàárà kò ní rí ọjà rẹ̀ dáadáa, òun pẹ̀lú kò ní lè ka owó ẹyọ tí wọ́n ń kà ní márùn-ún márùn-ún láìṣìkà. Bí iná náà bá tóbi jù, epo tí ó jó lè gba èrè tí ó jẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní alẹ́ òṣùpá, kò nílò iná púpọ̀. Ní alẹ́ tí òkùnkùn bá ṣú biribiri, ó nílò rẹ̀. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó máa ń wò kí ó tó fọwọ́ kan òwú: bí òkùnkùn ṣe tó, irú iṣẹ́ tí ojú fẹ́ ṣe, àti iye epo tí ó kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun mẹ́ta wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí a ó tún pàdé wọn.

Ní ọdún 1853, ní ìlú Lviv ní Yúróòpù, apoògùn kan tí ń jẹ́ Ignacy Łukasiewicz ṣe fìtílà tí ó ń lo kẹrosíìnì. Irú fìtílà bẹ́ẹ̀ tàn ká gbogbo ayé, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Lántà ni ọ̀pọ̀ wa ń pè é. Ó ní ìgò tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pa iná, ó sì ní irin róbótó kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́. Bí a bá yí irin náà síwájú, òwú á gòkè. Bí a bá yí i padà, òwú á sọ̀ kalẹ̀. Ibi irin róbótó yìí ni iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá àgbà mi, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta ata àti tòmátì ní Ọjà Ọba, ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ á fi àkísà tàbí bébà nu èéfín ara ìgò, á gé orí òwú tí ó ti jóná, á sì rọ epo. Bí ó bá tan án tán, ó di kí ó máa gbọ́ àṣẹ. “Yí i sókè díẹ̀, mò ń ka owó.” “Yí i sílẹ̀, àbúrò rẹ ti sùn.” “Gbé e sún mọ́ bàbá rẹ, ìwé ìròyìn ni wọ́n ń kà.” Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọn kì í sọ fún ọmọ náà mọ́. Bí ó bá ti rí i pé ìyá òun tú àpò owó sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ibi irin náà. Bí àlejò bá wọlé, á yí iná sókè. Bí àlejò bá lọ, á yí i sílẹ̀ nítorí epo. Kò sí ẹni tí ó kọ òfin kankan sílẹ̀ fún un. Ẹnu àwọn tí ó ń lo ìmọ́lẹ̀ ni ó fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó tọ́ ní ilé kan sì lè má tọ́ ní ilé kejì, nítorí ojú àgbà kì í ṣe ojú ọmọdé.

Iná mọ̀nàmọ́ná wá dé, ó sì mú ìrọ̀rùn púpọ̀ wá. Wọ́n parí ìdídò Kainji ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n sì dá NEPA sílẹ̀ ní ọdún 1972. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì, ọdún 1976, Àkúrẹ́ ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan tí a pàdánù láìmọ̀. Gílóòbù iná kò ní òwú. Ẹni tí ó bá ra oníwáàtì 60, ìwọ̀n 60 ni yóò máa gbà. Bọ́tìnì ara ògiri kò mọ ju kí ó tàn tàbí kí ó kú. Nígbà tí iná bá ń ṣe bàìbàì, kì í ṣe àwa ni a dín in kù. Nígbà tí ó bá sì tún mọ́lẹ̀ tí àwọn ọmọdé kígbe “Up NEPA!”, kì í ṣe àwa ni a fi kún un. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kúrò lára ìwọ̀n rẹ̀.

Ojú tẹlifíṣọ̀n ni ó dá díẹ̀ padà fún wa. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí Àkúrẹ́ ṣì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà ní ohun tí a ń yí láti mú kí àwòrán mọ́lẹ̀ tàbí kí ó ṣókùnkùn. Ẹni tí ó bá jókòó sún mọ́ ọn jù ni wọ́n sábà máa ń rán, ọmọdé sì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí ẹ̀rọ tó lè gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ọmọdé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ojú. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Willoughby Smith, ni ó ròyìn ohun tí ó ṣílẹ̀kùn fún èyí ní ọdún 1873. Wáyà tẹ́lígíráàfù tí wọ́n ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun ni ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Nígbà tí ó ń dán ohun kan tí wọ́n ń pè ní selenium wò, ó rí i pé iná mọ̀nàmọ́ná máa ń rí ọ̀nà gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i ju ìgbà tí ó bá wà nínú òkùnkùn lọ. Ìyẹn ni pé a lè fi iná wọn ìmọ́lẹ̀. Láti inú ìmọ̀ yìí ni a ti rí iná ojú pópó tí ń tàn fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí ó sì ń kú ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun mẹ́ta tí ìyá ọlọ́jà máa ń wò. Ọ̀kan péré ni iná ojú pópó mọ̀: bí òkùnkùn ṣe tó. Kò mọ ẹni tí ó wà nínú òkùnkùn náà, kò sì mọ ohun tí ẹni náà ń ṣe.

Ní ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Iná ojú àwọn fóònù ìgbà náà máa ń tàn nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì, á sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nokia 1100 tí ó jáde ní ọdún 2003 tilẹ̀ ní tọ́ọ̀ṣì ní orí, ohun tí ó sì wúlò púpọ̀ ni níbi tí iná kò ti dúró sójú kan. Ní ọdún 2007 ni iPhone àkọ́kọ́ jáde. Ó ní ojú kékeré kan nínú tí ń wo ìmọ́lẹ̀ àyíká, tí a ń pè ní sẹ́ńsọ̀, tí ó ń sọ fún fóònù bóyá kí ó mọ́lẹ̀ sí i tàbí kí ó rọlẹ̀. Àwọn fóònù mìíràn náà ní irú sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀. Òkè fóònù ni ó sábà máa ń wà, nítòsí ibi tí a ń gbé sétí.

Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ yìí kò rọrùn rárá. Lux ni orúkọ òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó bá tàn sí ibì kan. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000 lux. Inú yàrá tí a tan iná sí ní alẹ́ lè má ju 100 lux lọ. Òṣùpá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún kò tó lux kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá dúró sí ojú ọ̀nà ní Ọjà Ọba ní aago kan ọ̀sán, tí ó wá wọ abẹ́ àtíbàbà láti lọ bá oníṣòwò ra aṣọ, ti kọjá láti inú ìmọ́lẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn tí ó yàtọ̀ sí i gidigidi, láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè bá a lọ.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ètò yìí fi òfin kan sínú fóònù: bí lux bá tó báyìí, kí ojú fóònù mọ́lẹ̀ tó báyìí. Òfin kan náà ni fún gbogbo ènìyàn. Ó dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ní ilé ẹlòmíràn kí wọ́n tó mú un wá sílé wa. Ìwọ̀n tí ó tẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ogún ọdún lọ́rùn kò tó ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tí ó ń wá nọ́mbà oníbàárà. Ẹni tí ó ní owó iná kò sì rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tí ó mọ̀ pé bátìrì òun gbọ́dọ̀ gbé òun di ọ̀la. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka fa ìlà ìmọ́lẹ̀ sókè sódò, òmíràn a sì pa ètò náà tì pátápátá.

Ní ọdún 2018 ni ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Google àti ilé-iṣẹ́ DeepMind pawọ́ pọ̀ ṣe ètò tuntun fún Android 9. Nínú ètò náà, fóònù kò fi mọ sórí wíwọn ìmọ́lẹ̀ àyíká. Nígbàkígbà tí ẹni tí ó ni ín bá fi ìka fa ìlà ìmọ́lẹ̀, fóònù á kíyè sí i: báyìí ni ìmọ́lẹ̀ ibí yìí ṣe tó, báyìí sì ni olówó mi ṣe fẹ́ ẹ. Díẹ̀díẹ̀, á mọ ohun tí onítọ̀hún fẹ́ nínú oòrùn, nínú ṣọ́ọ̀bù àti lórí ibùsùn. Ẹ ò rí i pé ọmọ ìdí lántà ni ó padà wá yìí? “Yí i sókè díẹ̀, yí i sílẹ̀ díẹ̀” náà ni. Ẹnu ni ìyá fi ń sọ ọ́; ìka ni àwa fi ń sọ ọ́.

Kí ni èyí kan àwa ará Àkúrẹ́? Ó kàn wá, nítorí ẹni tí kò mọ̀ pé òun lè tọ́ ẹ̀rọ sọ́nà, ìwọ̀n ẹlòmíràn ni yóò máa lò, ó sì lè náwó lé e lórí. Nígbà tí mò ń bi àwọn oníṣòwò ní Ọjà Ọba léèrè fún aròkọ yìí, mo dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́.

“Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọgbá o.”

“Àṣẹ, ọmọ mi. Ẹ ṣeun.”

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ó ní ojú rẹ̀ ti kú láti oṣù tó kọjá, òun kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹni kan tí ń tún fóònù ṣe sì ti ní kí òun lọ wá owó ojú tuntun. Mo wò ó. Gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú fóònù náà kí ó má baà fọ́ ní etí dúdú, etí dúdú náà sì ti bo ibi sẹ́ńsọ̀. Fóònù ṣe bí ẹni pé òru ni, ó ń fún un ní iná òru nínú oòrùn ọ̀sán. A ṣí gíláàsì náà kúrò, mo sì fi ìlà ìmọ́lẹ̀ hàn án, pé kí ó máa fi ìka fà á bí ojú rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Ó ní, “Ṣé bí a ṣe ń yí lántà náà ni?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Kò sí àlàyé tí mo lè ṣe tí ìbá yé ènìyàn ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń fi fóònù kàwé ní alẹ́ nígbà tí kò bá sí iná. Ojú fóònù wà lára ohun tí ó ń jẹ bátìrì jù. Ẹni tí ó bá fi í sí òkè pátápátá láti ìrọ̀lẹ́ lè má rí bátìrì lò mọ́ kí ó tó ka ìwé rẹ̀ tán, epo jẹnẹrétọ̀ tàbí owó ṣáájì ni yóò sì fi dí i. Ojú pàápàá ń fẹ́ ìwọ̀n. Yorùbá ní ojú lọba ara. Ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ jù nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn máa ń ni ojú lára, èyí tí ó kéré jù nínú oòrùn kò sì ní jẹ́ kí a rí ohun tí a ń kà.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò sọ pé kí a má fi gbogbo nǹkan lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, kí ọwọ́ ọmọ má baà di ọ̀lẹ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá bá ẹ̀rọ rẹ̀ wí rí, ó ti gbé ìwọ̀n fún un. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo sọ yìí fi hàn pé ẹ̀rọ tí ó gbé iná lé wa lórí láìbéèrè ni a kọ́kọ́ ní. Gílóòbù kò gbọ́ tiwa. Iná ojú pópó kò gbọ́ tiwa. Èyí tí ó ń tẹ́tí sí ìka wa ni ó sún mọ́ àṣà wa jù, níwọ̀n ìgbà tí a bá ń bá a sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo òkè fóònù yín, kí ẹ mọ ibi tí ojú kékeré náà wà, kí ẹ má sì jẹ́ kí àpò tàbí gíláàsì bò ó. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fa ìlà náà sí ibi tí ó yẹ. Bí ẹ bá ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn fóònù tí wọ́n ṣe láti máa kọ́ ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má tètè gbà pé fóònù ti bàjẹ́ nítorí pé ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wa nípa ẹ̀rọ, ẹ máa bi wá léèrè ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà kí ẹ̀rọ tó dé, àti ta ni ó kọ́ ọ. Àwọn tí ó lè dáhùn ṣì wà ní Ọjà Ọba. Ó yẹ kí a lọ bi wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ fún wa.